Ìjà Oregon Kọ́ Là Ń Jà ní Lálúpọn

Gbólóhùn kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ tí a ti ń di òbí báyìí: ìjọba kò bá wa bímọ, nítorí náà kí ìjọba má bá wa kọ́ ọmọ. À ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé lọ́kọláya ní ṣọ́ọ̀ṣì, à ń gbọ́ ọ níbi ìkómọjáde. Àwọn kan lára àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun tilẹ̀ ti yọ ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé, wọ́n ń kọ́ ọ nílé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n rà láti Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ní àyè, tó ní iná, tó sì ní sùúrù, kó máa kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Ohun tí à ń bá jà ni kí a gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ja ìjà kan nílùú òyìnbó, kí a wá gbé e kalẹ̀ ní Lálúpọn, ní Àkànràn, ní Ìjàyè, bíi pé ìjà kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kèfèrí ló ń bá òun wí. Inú ṣọ́ọ̀ṣì la dàgbà sí. A ti kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí títí a fi gba ẹ̀bùn, àwọn òbí wa sì kọ́ wa ní àdúrà kí a tó mọ ABD.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí gbólóhùn yẹn ti wá. Lọ́dún 1922, àwọn ará ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà dìbò fún òfin kan tó ní ilé-ìwé ìjọba ni gbogbo ọmọ láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ máa lọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹgbẹ́ Ku Klux Klan wà lára àwọn tó ti òfin náà lẹ́yìn, torí wọ́n kórìíra àwọn Kátólíìkì, wọ́n sì fẹ́ kí ilé-ìwé Kátólíìkì kú. Àwọn sísítà tó ni ilé-ìwé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Nígbà tó di 1925, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin yẹn: wọ́n ní ọmọ kì í ṣe ohun ìní ìjọba, pé àwọn tó ń tọ́ ọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀nà tí yóò gbà kẹ́kọ̀ọ́. Ìdájọ́ rere ni, àwa náà fọwọ́ sí i. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, títí di òní, òfin ò gbà kí òbí fi ẹ̀kọ́ ilé rọ́pò ilé-ìwé. Àwọn òbí onígbàgbọ́ kan gbé e dé ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n pàdánù lọ́dún 2006.

Ẹ wo ohun tí ibi méjèèjì fi jọra: ìjọba wà níbẹ̀. Ó wà gan-an ni. Ó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó mọ ojúlé tí ó ń gbé, tí ọmọ bá sì pa ilé-ìwé jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà yóò dé. Òbí tó ń bẹ̀rù irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, èwo ni ìjọba tí à ń sá fún níbí? Ẹ kọjá Èjìòkú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ yà sínú ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn ọ̀nà, ẹ dúró ní gbàgede ilé-ìwé láago mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹ wá ìjọba. Àwọn ọmọ ti dé, wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti kọrin ìyìn sí orílẹ̀-èdè. Tíṣà tó ń bọ̀ láti ìgboro Ìbàdàn ń wá ọ̀kadà. Tíṣà kejì ni yóò mú kíláàsì kìíní, ìkejì àti ìkẹta pọ̀ sójú kan, yóò pín pátákó sọ́nà mẹ́ta, yóò máa sáré láti apá kan sí ìkejì. Tí òjò bá ṣú, wọ́n á tú ká, nítorí òrùlé. Èyí ni ìjọba tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa? Ìjọba tí kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ òjò!

Lóòótọ́, òfin wà. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó di dandan, ti ọdún 2004, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Ẹni tó bá rú u nígbà àkọ́kọ́, ìbáwí ni. Nígbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Ẹ jáde sí Ìwó Road láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Túsídè, kí ẹ wo iye ọmọdé tó ń gbé omi inú ọ̀rá kiri níwájú ọlọ́pàá, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá òfin yẹn ń dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Kí la tiẹ̀ ń sọ pé ìjọba gbà lọ́wọ́ wa? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, abala 38, ti sọ ọ́ kedere: ilé-ìwé kankan ò lè fi dandan mú ọmọ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Abala kan náà ló tún ní kí ẹnikẹ́ni má dí ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀sìn wọn nínú ilé-ìwé tí ìjọ náà ń dá gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí gómìnà Jákàńdè ní Èkó fẹ́ pa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ lọ́dún 1980, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie àti àwọn mìíràn pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá wọn láre lọ́dún 1981. Ìjà Oregon tiwa, àwọn bàbá wa ti jà á, wọ́n sì ti borí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ló jẹ́ kí ilé-ìwé aládàáni kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Olódò dé Ìyànà Ọ̀fà. Èwo wá ni ariwo?

Àwọn ọ̀rẹ́ wa á ní ọ̀rọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ ń kọ́? Òtítọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jùlọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pa ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìlú nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, Ẹgbẹ́ àwọn Krìstẹ́nì ní Nàìjíríà kígbe lọ́dún 2017, igbe yẹn sì ṣiṣẹ́: wọ́n padà tú ẹ̀kọ́ méjèèjì sílẹ̀. A yọ̀ sí i. Òbí gbọ́dọ̀ máa ka ohun tí ìjọba kọ sínú ìwé ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kan tí ẹnìkan ò béèrè nígbà ariwo yẹn: nílé-ìwé tí tíṣà méjì ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà, ta ló ń kọ́ Bíbélì, ta ló ń kọ́ Kùránì? Orúkọ iṣẹ́ wà lórí tábìlì àkókò, ẹni tí yóò ṣe é ni kò sí. A jagun nítorí àkọlé ìwé, a ò jagun nítorí ẹni tí yóò ṣí ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù nìyí: àwa onígbàgbọ́ ni a ń pariwo àṣẹ òbí lónìí, bẹ́ẹ̀ àwa la kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé Ìbàdàn lọ́dún 1853, tí wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ọmọ díẹ̀ ni wọ́n rí kọ́. Olóyè Olúńlóyọ̀ fi ọmọ tirẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé wà lára wọn, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé-ìwé Yejide títí dòní. Olúńlóyọ̀ yàn án, àṣẹ òbí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, tí ìwé kíkà di ọ̀nà oúnjẹ, tó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ni ilé-ìwé, bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí onífá kò yan nǹkan kan mọ́. Tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé, àfi kó fi í sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Ọmọ á jáde nílé bíi Ràfíù, á padà wálé bíi Raphael. Àwọn Mùsùlùmí Èkó tó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ lọ́dún 1923 mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n fẹ́ ilé-ìwé tí ọmọ wọn yóò wọ̀, tí yóò sì jáde pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àṣẹ òbí túmọ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá, ìtàn yẹn ni kó lọ kà, kó fi ìwé àwọn ará Oregon sílẹ̀ ná.

Ká tún wá wo 1955. Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Awókọ́yà ni mínísítà ẹ̀kọ́. Ní January ọdún náà, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé-ìwé lọ́dún 1954 lé ní 400,000. Lọ́dún kan péré, wọ́n ti lé ní 800,000. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa nípa bí ó ṣe rí lára àwọn bàbá bàbá wa lóko. Wọn ò patẹ́wọ́. Owó orí gòkè nítorí ilé-ìwé, ọmọ tí ìbá máa kó kòkó, tí ìbá máa lé ẹyẹ, wọ́n ní kó wọ ṣòkòtò kékeré lọ jókòó. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ pàdánù níwájú NCNC nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ní agbègbè tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Àṣẹ òbí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ sókè. Ìjọba ò gbọ́. Torí pé ìjọba ò gbọ́ ni ìyá wa fi lè ka lẹ́tà, torí pé ìyá wa lè ka lẹ́tà ni a ṣe wà níbi tí a ti ń fi bọ́tìnì kọ ọ̀rọ̀ yìí.

A ò sọ pé òpè ni àwọn àgbẹ̀ yẹn o. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde lọ́dún 1968 sí 1969, tí Táfá Adéoyè ti Àkànràn wà níwájú wọn, owó orí tó le àti òṣìṣẹ́ kánsù tó ń jà wọ́n lólè ni wọ́n bá jà. Wọ́n fẹ́ rí ohun tí owó wọn ń ṣe. Òbí tó ń béèrè ohun tí owó òun ń ṣe, òun gan-an ni òbí tí à ń wá lónìí, a ò rí i.

Ohun kan tún wà nínú 1955 tí àwọn tó ń fi ìjọba àti ìjọ jà máa ń fò dá. Ìjọ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé yẹn, ìjọba ló ń san owó tíṣà. Níbi tí ìjọ ò dé, kánsù kọ́ tirẹ̀. Ẹ ṣáà ka pátákó àwọn ilé-ìwé láti Mọ́níyà dé Ẹgbẹ́dá: St. Báyìí, Baptist Day, Methodist, C.A.C., A.U.D., N.U.D., I.D.C. Bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó dá owó èésú ni. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó lè dá a ṣe.

Ìjọba ológun wá bà á jẹ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n ní àwọn á ṣe é dáadáa. A kì í gbèjà ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára pátákó, fèrèsé ti lọ, ewúrẹ́ ń sùn ní kíláàsì karùn-ún. Ẹni tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ tó ní òun á tọ́ ọ, tó wá fi í sílẹ̀ sínú òjò, ó jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ojútùú tí wọ́n ń tà fún wa, pé kí ìjọba dá ilé-ìwé padà fún ìjọ kí gbogbo rẹ̀ lè dára, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Èkó dá ọ̀pọ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú. Wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n kùn wọ́n, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sì múná. Wọ́n tún ń gba owó, owó tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìjọ ò lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, a ò bá wọn wí. Owó tíṣà kì í já bọ́ láti ọ̀run. Lọ́dún 2016 tí ìjọba Ajímọ̀bi ní Ọ̀yọ́ fẹ́ fa àwọn ilé-ìwé girama kan lé àwọn ìjọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti aládàáni lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tú síta nílùú Ìbàdàn. Àwọn kan lára àwa onígbàgbọ́ ní àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ni. Ọ̀tá kọ́. Wọ́n mọ ìṣirò ni. Nínú ìgboro, tí ilé-ìwé kan bá di olówó, ẹsẹ̀ lè gbé ọmọ lọ sí òmíràn. Ní abúlé tó jẹ́ ilé-ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí ìyẹn bá di ti ìjọ, tó sì ń gba owó, àwọn ọmọ tí òbí wọn ń fọ́ gbágùúdá á kàn dúró sídìí gbágùúdá ni. Ìyẹn ò pé ọ̀nà méjì.

Àwọn abúlé yìí kì í sì í ṣe ti onígbàgbọ́ nìkan. Inú agbo ilé kan náà ni Bàbá Alfa àti Ìyá Ìjọ ń gbé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n jọ ń pín ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Òbí wo ni àṣẹ rẹ̀ máa ṣẹ nílé-ìwé kan ṣoṣo yẹn? A ti rí bí ó ṣe ń rí tí a bá fi ilé-ìwé dán agbára ẹ̀sìn wò. Ọ̀nà tó gba Lálúpọn kọjá, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ síwájú, Ìwó lẹ ó já sí. Lóṣù June 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbà pé kí ọmọbìnrin tó jẹ́ Mùsùlùmí máa lo híjáàbù nílé-ìwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ wọ aṣọ akọrin lọ sí kíláàsì ní Baptist High School níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ kárí ayé. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, àwa náà pín in. Lọ́dún 2021, ọ̀rọ̀ kan náà ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin. Àwọn àgbà ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí dúró níta, òkò ń fò. Tí a bá bi gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ pé ọmọ mélòó nínú kíláàsì kẹta girama ló lè ka ojú ìwé kan láì kọsẹ̀, ṣé wọ́n á lè dáhùn?

Ẹ má bínú, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ owó síbí, torí òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bíbélì ni wọ́n ń tẹ́ sórí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ orin àṣẹ òbí jù lára wa, àwa tí à ń gba owó oṣù tó ṣe gúnmọ́ ni. A ti fi ẹsẹ̀ wa jáde kúrò nílé-ìwé ìjọba tipẹ́. A ń sanwó fún ilé-ìwé aládàáni tó ń jẹ́ orúkọ Jésù, tàbí tó fi “Royal” àti “Glory” ṣáájú orúkọ. Àwọn kan dára. Ọ̀pọ̀ ni gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi pákó pín sọ́nà mẹ́rin, tí tíṣà ibẹ̀ ń gba owó tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní gbà fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ń ná ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ẹ wá sọ fún wa, àṣẹ wo lẹ ní níbẹ̀? Ẹ ti bi ìyá tó ni ilé-ìwé léèrè rí iye tó ń san fún tíṣà? Ẹ ti ní kó fi Yorùbá kún iṣẹ́ rí? Yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní kí ẹ san owó táàmù tó ń bọ̀. Gbogbo àṣẹ tí òbí ní nílé-ìwé aládàáni ni kó mú ọmọ rẹ̀ kó máa lọ. Oníbàárà ni. Nílé-ìwé abúlé, òbí lè dìde nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, kó na ìka sí ọ̀gá ilé-ìwé, kó ní: owó yẹn dà? Ilé-ìwé rẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ló ṣe bíríkì rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí a bá fún ní password tó lè ṣí ohun gbogbo, òun náà la máa ń pè láago méjì òru tí nǹkan bá dojú dé. Kò lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́rọ́ kí òun má fẹ́ ìpè. Àwọn òbí tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹ̀kọ́ lónìí, ìpè òru ni wọn ò fẹ́ gbé.

Àwọn kan á gbé Diutarónómì kò wá lójú, níbi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ fún òbí láti máa fi ọ̀rọ̀ Rẹ̀ kọ́ ọmọ, nínú ilé, lójú ọ̀nà, nígbà ìdùbúlẹ̀ àti ìdìde. A gbà á tọkàntọkàn. Ẹ tún un kà. Ilé ni, ọ̀nà ni, alẹ́ ni, àárọ̀ ni. Wákàtí tí ìjọba ń mú lọ kò sí níbẹ̀. Ìjọba ò gba ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa la gbé ìrọ̀lẹ́ fún iṣẹ́ àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí a gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kó má dí wa lọ́wọ́, tí a wá ń wá ẹni tó jí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ wa gbé. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Ẹgbẹ́dá, tó ń bá ọmọ rẹ̀ kọrin ìjọ bí wọ́n ṣe ń ti ọjà bọ̀, ti ṣe ohun tí ẹsẹ yẹn sọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyá ò mọ ìyẹn, Diutarónómì ò sì ní kó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí òbí onígbàgbọ́ máa jọba lórí ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a dù ú. Bóyá ọmọ yóò mọ̀wé tàbí kò ní mọ̀wé, ìyẹn kì í ṣe ti òbí nìkan, onígbàgbọ́ ni o, Mùsùlùmí ni o. Tọmọ náà wà níbẹ̀, tìlú wà níbẹ̀. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Àwọn tó pa òwe yẹn ò tíì rí Oregon. Ìjọba ló yẹ kó jẹ́ àgbà nínú igba ojú yẹn, ó sì ti ń tòògbé. Ẹni tó ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, jíjí là ń jí i, a kì í torí ẹ̀ ní kí iṣẹ́ parẹ́.

Bí a ṣe lè jí i kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Gómìnà Mákindé fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ tó gbọ̀pá àṣẹ, 29 May 2019, nítorí pé ariwo owó náà ti pọ̀ jù. Ìgbìmọ̀ alábòójútó tí wọ́n ń pè ní SBMC ló yẹ kó wà nílé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyè fún òbí, fún ará àdúgbò, fún akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Àga wa ṣófo níbẹ̀. Ìjọ tó ní ọmọ ìjọ púpọ̀ lábúlé kò nílò kí wọ́n fa ilé-ìwé lé e lọ́wọ́ kó tó san owó tíṣà ìṣirò kan, tàbí kó ṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ tó níná sólà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún ọmọ tó fẹ́ kàwé, Ràfíù àti Raphael, láì sí pé a ń fi omi wọ́n ẹnikẹ́ni. Àwa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe ojú òpó kan tí ẹnikẹ́ni á fi rí iye tíṣà tó wà nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀nà-Àrà àti iye tó ṣófo. Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni. A ti ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ta súfèé.

Ìwé òfin fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sára ohun tí kánsù gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí. Ní July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà, kí gómìnà má gbà á mọ́. Ilé kánsù Akínyẹlé wà ní Mọ́níyà, ti Lágelú wà ní Ìyànà Ọ̀fà, ti Ẹgbẹ́dá wà ní Ẹgbẹ́dá, ti Ọ̀nà-Àrà wà ní Àkànràn, ìlú Táfá Adéoyè. Wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn láàárín ọ̀sẹ̀. Kí òbí tó ní òun láṣẹ wọlé lọ bi alága pé tíṣà mélòó ló wà nílé-ìwé tó wà lẹ́yìn odò, kó sì dúró gba èsì.